Ẹlẹ́ṣin Ilé Kòfọ́

Ilé Kòfọ́,
Eruwa.
17 Oṣù Kẹrin, 1972.

Yẹ́misí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ Ọláníyì ńkọ́? Ọmọ́ṣọlá ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? A gbọ́ pé òtútù Leeds kì í tètè lọ. Ẹ máa wọ aṣọ tó nípọn.

Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún màmá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀ látìgbà tí a ti ń lọ sí ilé ìwòsàn Igbó-Ọrà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí ni ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Èmi ṣì ń wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sọdá. Àwọn ewúrẹ́ nìkan ni kò ka òfin náà sí.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, wọ́n ka ìwé kan fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹgbẹ́ yín, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ìbàràpá tó wà lọ́hùn-ún, ti dá owó jọ, ẹ sì fẹ́ fi ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá ní iṣẹ́ tí yóò gbé àṣà àti ìtàn ìlú wa yọ. Bí wọ́n ṣe kà á pé ìwọ ni akọ̀wé, gbogbo ìjọ ló yíjú wò mí. Mo tún táì mi ṣe.

Mo ti mọ ohun tí a ó fi owó náà ṣe. Ère bàbá mi àgbà ni, Akínladé tó dá ilé wa sílẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: jagunjagun ni, ọ̀tá kò sì rí ògiri rẹ̀ fọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè wá ní Ilé Kòfọ́ títí di òní. Mo fẹ́ kí a fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ́n sójú agbo ilé, lórí ẹṣin, kí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ń ti Lanlate bọ̀ máa rí i. Fọlábí bíríkìlà ti wá wọn ilẹ̀. Ó ní ẹṣin náà ni yóò gba sìmẹ́ǹtì jù. Mo ti ra àpò mẹ́rin sílẹ̀.

Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan wà tí a ó kún. Èmi kò rò pé ó yẹ kí bàbá akọ̀wé máa kún fọ́ọ̀mù. Bá mi kún un níbẹ̀, o mọ orúkọ mi. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, kí òjò tó dé tán.

Màmá rẹ kí ọ. Ó ní o kò tíì sọ bóyá èlùbọ́ tí a fi rán Láńrewájú dé ọwọ́ rẹ.

Èmi bàbá rẹ tó ń retí ìdáhùn,
Gbénró Akínladé.


Leeds,
9 Oṣù Karùn-ún, 1972.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí yín. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọmọ́ṣọlá ti ń rìn, ó sì mọ̀ ọ́n ṣubú dáadáa. Ọláníyì ń múra ìdánwò. Èmi ṣì wà ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń rán kóòtù, ìdí bọ́tìnnì ni wọ́n fi mí sí báyìí. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé èlùbọ́ dé, a sì ti jẹ ẹ́ tán.

Bàbá, ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù yìí ni. N kò lè bá yín kún un. Akọ̀wé ni mo jẹ́. Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ bàbá mi, àwọn yòókù yóò ní nítorí ilé wa ni mo ṣe dá owó náà jọ. Ẹni mẹ́rìndínlógún ni wá, iṣẹ́ agbára ni gbogbo wa sì ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú tó mú èlùbọ́ bọ̀, tó jẹ́ alága wa, bọ́ọ̀sì ló ń wà. Oúnjẹ la sè tà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní gbogbo ìgbà òtútù, òun la fi rí owó náà.

Mo fi fọ́ọ̀mù sínú àpòòwé yìí. Ìbéèrè mẹ́ta péré ni. Kí ni ẹ fẹ́ ṣe? Ta ni yóò kọ́ nǹkan níbẹ̀? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé bó ṣe rí láyé àtijọ́ nìyẹn? Ẹ má bínú sí ìkẹta. Èmi fúnra mi fẹ́ bi yín, ṣé Bàbá Àgbà ní ẹṣin lóòótọ́? N kò rántí pé ẹṣin wà nínú ìtàn tí ẹ ń sọ fún wa nígbà tí a wà ní kékeré.

Ẹnì kan ti kọ̀wé ṣáájú yín láti Eruwa. Ìyá Àkíbù ni, Mùnírátù tí wọ́n ń mọ ìkòkò ní ẹbu tó wà lọ́nà odò. Wọ́n ní àwọn àgbà amọ̀kòkò mẹ́rin péré ló kù, àwọn sì fẹ́ kí wọ́n kọ́ ọmọbìnrin mẹ́fà níṣẹ́ nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà.

Nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ yín nípàdé, n ó jáde kúrò nínú yàrá, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ṣègbè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà á sódì.

Èmi ọmọ yín,
Yẹ́misí.


Ilé Kòfọ́,
Eruwa.
2 Oṣù Kẹfà, 1972.

Yẹ́misí ọmọ mi,

A kí yín o. Inú wa dùn sí ìrìn Ọmọ́ṣọlá.

Mo ti kún fọ́ọ̀mù, ó wà nínú àpòòwé yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, èmi ni mo máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ mi yóò fún mi ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Lábẹ́ ìbéèrè kìíní mo kọ pé ère ni. Lábẹ́ ìkejì mo kọ pé gbogbo ẹni tó bá lójú ni yóò kọ́ nǹkan níbẹ̀. Lábẹ́ ìkẹta mo kọ pé bàbá mi ló sọ fún mi.

Ní ti ẹṣin, mo bi màmá rẹ, ó ní òun kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wo ère jagunjagun tó ń fẹsẹ̀ rìn? Fọlábí ti ṣe ẹsẹ̀ ẹṣin méjì sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ ọn. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ti ń sùn lórí ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Àkíbù yẹn yà mí lẹ́nu. Aládùúgbò wa ni, ènìyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìkòkò kì í ṣe ìtàn. Abọ́ tánganran àti garawa ni gbogbo ayé ń rà báyìí. Ta ni yóò wá wo ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ jíjáde kúrò nínú yàrá tí o kọ, n kò lóye rẹ̀. Mo rò pé wàá jókòó síbẹ̀, wàá sì sọ irú ẹni tí bàbá rẹ jẹ́ fún wọn.

Bàbá rẹ,
Gbénró Akínladé.


Leeds,
10 Oṣù Keje, 1972.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òjò. Mo kí Màmá.

A ṣe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Bí Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú ṣe pe orúkọ yín, mo dìde, mo jáde, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà. Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ń rọ̀, n kò sì mú agbòòrùn. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pè mí wọlé.

Bàbá, Ìyá Àkíbù ni ẹgbẹ́ fún. Wọ́n ní bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ ìkòkò náà lọ́dún yìí, ó lè má ṣeé ṣe mọ́ láéláé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ yín dùn-ún kà, ṣùgbọ́n àwọn kò rí ẹlòmíràn tó jẹ́rìí sí ìtàn náà yàtọ̀ sí ẹ̀yin nìkan. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Ayete sì bèèrè bóyá ẹṣin náà kò ní wó pa ọmọ ọlọ́mọ.

Mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Ó dun èmi náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè kọ̀wé, kí n mọ̀ pé ẹ kò bínú.

Ọmọ yín,
Yẹ́misí.


Eruwa,
1 Oṣù Kẹjọ, 1972.

Olúwayẹ́misí,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Ara wa le.

Wọ́n dárúkọ bàbá rẹ láàárín àwọn ènìyàn, o dìde, o jáde. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ni o kọ ọ́. Nílé yìí, bí wọ́n bá dárúkọ bàbá ẹni, ńṣe la máa ń jókòó.

Kí Ọláníyì.

G. Akínladé.


Leeds,
28 Oṣù Kẹjọ, 1972.

Bàbá mi,

Ẹ dákun, ẹ má ṣe báyìí sí mi. Bí mo bá jókòó, wọn ì bá máa wo ojú mi kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá wá fún yín, wọn ì bá máa sọ lẹ́yìn wa pé nítorí mi ni. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Lẹ́nu ọ̀nà tí mo dúró sí yẹn, àdúrà ni mo ń gbà pé kí wọ́n fún yín.

Kò sí ẹni tí mo lè fi yín wé nínú gbogbo àwọn tó wà ní ìpàdé náà. Ẹ kọ̀wé sí mi.

Yẹ́misí.


Leeds,
16 Oṣù Kẹwàá, 1972.

Bàbá mi,

Mo kọ̀wé lóṣù kẹjọ, mo tún fi káàdì ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án. N kò rí èsì. Ọmọ́ṣọlá ń pe gbogbo ọkùnrin onírùngbọ̀n tó bá rí nínú bọ́ọ̀sì ní bàbá àgbà. Mo ní kó dákẹ́, pé tirẹ̀ wà ní Eruwa.

Bí ẹ bá kọ ìlà kan péré, yóò tó mi.

Yẹ́misí.


Eruwa,
26 Oṣù Kọkànlá, 1972.

Yẹ́misí mi,

Èmi màmá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, má wo ìlà tó wọ́. Bàbá yín kò mọ̀. Orúnkún mi ti dára, mo ti ń lọ sọ́jà Lanlate padà.

Fọkàn balẹ̀. Bàbá yín ò ṣàìsàn, gbogbo lẹ́tà rẹ ló wà nínú Bíbélì wọn. Lóṣù kẹsàn-án ni wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ẹbu Ìyá Àkíbù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ wo bí wọ́n ṣe ń fi owó yín ṣòfò, kí àwọn lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ yín. Wọ́n mú bírò àti ìwé dání. Nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó dé. Wọ́n tún lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ti di ojoojúmọ́ báyìí, bí wọ́n bá ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán. Bí wọ́n bá dé, amọ̀ á wà lára ṣòkòtò wọn, èmi ni mo ń fọ̀ ọ́. Mo bi wọ́n pé ìkòkò ti wá di ìtàn ni? Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi mu.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dé, wọn ò jẹun, wọn ò sì jáde fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń lọ, wọ́n á dúró síwájú ẹsẹ̀ ẹṣin Fọlábí, wọ́n á máa wò ó. Wọn ò tíì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi.

Ṣe sùúrù. Wọ́n á kọ̀wé. Má sọ pé èmi ni mo sọ.

Màmá rẹ,
Rebecca.


Ilé Kòfọ́,
Eruwa.
14 Oṣù Kìíní, 1973.

Yẹ́misí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún tuntun, ìwọ, Ọláníyì àti Ọmọ́ṣọlá. Náírà àti kọ́bọ̀ la ń ná báyìí. Màmá rẹ ń fi ṣílè ṣírò, ó ń fi náírà sanwó, òun ló sì máa ń jèrè. N kò mọ bó ṣe ń ṣe é.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí n sọ fún ọ. Mo lọ sí ẹbu Ìyá Àkíbù láti lọ wá àṣìṣe. Àṣìṣe tí mo rí ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀, Ìyá Búrẹ́mọ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ó máa ń fi ọwọ́ pa ìkòkò láti ẹnu dé ìdí, á sì sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe: àmù fún omi mímu, orù fún omi pípọn, ìṣaasùn fún ọbẹ̀, àjeré oníhò tí wọ́n fi ń yan ẹran. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gbọ́, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti mọ́, wọ́n ti gbàgbé ìdajì. Mo sọ fún Ìyá Àkíbù pé kó jẹ́ kí n máa kọ ọ́. Ó ní, “Tíṣà, ẹ wá ibi tí amọ̀ ò ti ní kàn yín jókòó sí.” Kò síbi bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lóṣù kọkànlá, Ìyá Búrẹ́mọ̀ bi mí pé ilé wo ni mo ti wá. Mo ní Ilé Kòfọ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ Akínladé aláàárù?”

Mo ní rárá, Akínladé jagunjagun ni.

Ó ní Akínladé kan ṣoṣo ni òun mọ̀, nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Ìkòkò ìyá òun àti ti gbogbo obìnrin ẹbu ló ń rù lọ sí Abẹ́òkúta, ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, ìkòkò méjìlá nínú àwọ̀n lórí ẹyọ ènìyàn kan, kò sì fọ́ ọ̀kan rí. Àwọn obìnrin náà ló sọ ọ́ ní Kòfọ́. Àlejò ni nígbà yẹn, kò ní ẹnì kan. Àwọn ló lọ bá baálẹ̀ kó tó rí ilẹ̀ kọ́lé sí.

Yẹ́misí, orí mi gbóná. Mo kó ìwé mi, mo lọ sílé. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń rò ó, ta ni kí n gbàgbọ́, bàbá mi ni àbí ìyá afọ́jú? Lọ́jọ́ kejì ni mo wá rí i pé bàbá mi kò dárúkọ ogun kan fún mi rí. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé akọni ni Akínladé. Èmi ni mo fi ogun kún un, tí mo fi idà kún un, níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé, lọ́dọọdún, títí èmi fúnra mi fi gbà á gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo padà lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì kọ ọ́. Ó sọ bí ọkùnrin náà ṣe máa ń rìn. Ó ní bí ènìyàn bá pè é, kì í yí ọrùn, odindi ara ló fi ń yí. Bàbá mi náà máa ń yí bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń rò pé ìgbéraga ni.

Ohun tó kù nínú àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́rin yẹn, mo ti fi fún wọn. Fọlábí fi ṣe ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń gbé ìkòkò tútù sí kó lè gbẹ. Ó kọ́kọ́ bínú nítorí ẹsẹ̀ ẹṣin rẹ̀. Wọ́n ti gbé méjèèjì lọ sí ẹbu, orí wọn ni àwọn ìyá ń jókòó sí.

Ní ti jíjáde rẹ, mo ti rò ó. Bí o bá jókòó, wọn ì bá fún mi lówó náà nítorí ojú rẹ. Ẹlẹ́ṣin ì bá sì wà lójú agbo ilé wa títí ayé, tí gbogbo ẹni tó ń ti Lanlate bọ̀ ì bá máa wo irọ́ tí mo pa. O ṣeun tí o jáde. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́, má fi ṣe ìbínú.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé Àjíǹde, a ó kó gbogbo ìkòkò náà lọ sí ilé ìwé, kí gbogbo ìlú wá wò wọ́n. Fi wá sínú àdúrà.

Bàbá rẹ,
Gbénró.


Leeds,
8 Oṣù Kejì, 1973.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Nínú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kọjá ibi tí mo ti ń bọ́ọ́lẹ̀, mo dé ibi iṣẹ́ pẹ́, ọ̀gá ń bínú, èmi ń rẹ́rìn-ín.

Mo kà á sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Láńrewájú ní kí n tún ibi Ìyá Búrẹ́mọ̀ kà. Ọ̀gbẹ́ni ará Ayete yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun yóò kọ̀wé sílé lọ́la, kí wọ́n lọ bi ìyá bàbá òun léèrè nǹkan kan nígbà tó ṣì ń gbọ́ràn.

Wọ́n ń bèèrè bóyá orúkọ àwọn ìkòkò tí ẹ kọ sílẹ̀ lè di ìwé kékeré tí a ó tẹ̀ fún àwọn ilé ìwé Ìbàràpá. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ̀yin àti Ìyá Àkíbù ni kẹ́ ẹ jọ béèrè. Fọ́ọ̀mù rèé o. N ó tún jáde nígbà tó bá kàn yín, ṣùgbọ́n n ó mú agbòòrùn dání.

Ọmọ yín,
Yẹ́misí.


Ilé Kòfọ́,
Eruwa.
6 Oṣù Karùn-ún, 1973.

Yẹ́misí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

A kí ọ, a kí Ọláníyì, a kí Ọmọ́ṣọlá tó ń wá mi kiri nínú bọ́ọ̀sì. Fọ́ọ̀mù yín ti wà lọ́nà. Ìyá Àkíbù ló ń sọ, èmi ló ń kọ. Ó ní kí n dín ọ̀rọ̀ kù, mo sì dín in kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo fẹ́ sọ. Awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Òkè ló ṣèlérí láti fi lọ́rì rẹ̀ bá wa kó ìkòkò lọ sí ilé ìwé. Ilẹ̀ mọ́, a kò rí i. Nígbà tó yá, wọ́n ránṣẹ́ pé lọ́rì ti kú sí Lanlate. Àwọn àlejò ti ń dé láti Igbó-Ọrà. Ìyá Àkíbù kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó kàn wá òṣùká, ó gbé orù kan rù, ó bọ́ sọ́nà. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà gbogbo obìnrin àdúgbò. Màmá rẹ náà gbé ìṣaasùn méjì, ó ní orúnkún òun lè gbé e.

Ó wá ku àmù ńlá kan tí Ìyá Búrẹ́mọ̀ mọ kẹ́yìn. Fúnra rẹ̀ ló ti sọ pé òun kò ní lè mọ irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ènìyàn ń yí i ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo ní kí wọ́n gbé e rù mí.

Ìyá Àkíbù ti padà wá wò ó bóyá nǹkan ṣẹ́ kù. Ó ní, “Tíṣà, ẹ ti dàgbà jù fún èyí.”

Mo ní mo mọ̀, kó bá mi tún òṣùká ṣe.

Wọ́n gbé e lé mi lórí. Yẹ́misí, n kò mọ̀ pé ẹbu jìn sí ilé ìwé tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mo kọ́ níwèé, tí mo ti nà ní pàṣán, ń sáré wá gbà á lọ́wọ́ mi, n kò dá wọn lóhùn, torí bí mo bá lanu, àmù á mì. Ọkùnrin kan pa ẹ́ńjìnnì alùpùpù rẹ̀, ó ń tì í bọ̀ lẹ́yìn mi kí ariwo rẹ̀ má baà dà mí láàmú. Nígbà tí mo dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ jáde, ó kí mi. Mo fẹ́ dáhùn. Odindi ara ni mo fi yí sí i. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga ló ń mú bàbá mi yí bẹ́ẹ̀.

Mo dé ibẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá mi sọ̀ ọ́. Ìyá Búrẹ́mọ̀ ti jókòó, ó fọwọ́ pa àmù náà yí ká, láti ẹnu dé ìdí, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó rù ú wá. Wọ́n sọ fún un. Ó ní kí wọ́n bù mí lómi.

Àwọn ènìyàn wá ju bí a ti rò lọ. Àwọn obìnrin kan ti Ayete gbé ìkòkò ìyá wọn àgbà wá láti fi kún tiwa. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́fà náà dúró, wọ́n ń dárúkọ ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ṣi ọ̀kan pè. Ọ̀rọ̀ ìkíni ojú ewé mẹ́jọ ni mo ti kọ sílẹ̀ láti kà. Nígbà tí wọ́n pè mí, èémí mi kò tíì balẹ̀. Mo ní kí Ìyá Àkíbù sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, gbogbo ènìyàn sì gbọ́ ọ yé.

Ọrùn ń ro mí títí di òní, òun ló jẹ́ kí lẹ́tà yìí pẹ́. Màmá rẹ ń fi òrí ra á fún mi ní alaalẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín bá bi ọ́ ní iṣẹ́ tí bàbá rẹ ń ṣe látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, má jáde. Jókòó síbẹ̀, kí o sọ fún un pé ìkòkò ni ó ń rù.

Bàbá rẹ,
Gbénró.